Iná lọ nígbà tí firmware tuntun ń wọ inú rúta TL-WR841N: ṣé ó ṣeé jí?

Ọmọ Mókọ́lá
Ẹ ǹlẹ́ níbí o. Rúta TP-Link TL-WR841N ni, Ver 9.0 ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀. Firmware tuntun (ètò inú rúta tó ń darí rẹ̀) ń wọlé láti inú bùráwúsà nígbà tí iná lọ. Láti ìgbà tí iná ti dé, gbogbo iná ojú rẹ̀ á tàn pa pọ̀, wọ́n á kú, wọ́n á tún tàn, bẹ́ẹ̀ ni ṣáá. Orúkọ Wi-Fi rẹ̀ kò jáde mọ́, 192.168.0.1 kò ṣí, títẹ Reset kò sì yí nǹkan kan padà. Láptọ́ọ̀pù Windows 10 àti wáyà LAN wà nílẹ̀. Ṣé ó ṣì ṣeé jí, àbí òmíràn ni kí n lọ rà?

Adé Wáyà
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Títàn àti kíkú yẹn fi hàn pé bootloader (ètò kékeré tó máa ń kọ́kọ́ jí, tó sì ń gbé firmware dìde) ṣì ń mí. Chip ìrántí rúta yìí jẹ́ 4 MB: bootloader gba 128 KB àkọ́kọ́, firmware ló tẹ̀ lé e. Firmware yín ni iná já mọ́ lẹ́nu. Bootloader ń gbìyànjú láti gbé e dìde, ó ń bá a ní àbọ̀, ó sì ń tún bẹ̀rẹ̀. Firmware kan náà ló yẹ kó dá bọ́tìnì Reset lóhùn tí rúta bá ti jí tán, ìdí nìyẹn tí títẹ̀ ẹ́ lásán kò fi já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti di bọ́tìnì náà mú kí ẹ tó tan rúta, bootloader ni yóò gbọ́, yóò sì lọ wá fáìlì tuntun lórí wáyà nípasẹ̀ TFTP, ọ̀nà kan tó rọrùn láti fi fáìlì ránṣẹ́.

Ẹ lọ sí ojúlé TP-Link, ẹ mú firmware ti Ver 9 gan-an, kì í ṣe ti 8 tàbí 10. Ẹ tú u jáde nínú zip, kí ẹ wo orúkọ rẹ̀ dáadáa. Tí ọ̀rọ̀ "boot" bá wà nínú orúkọ náà, bootloader wà níwájú fáìlì yẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ gé e kúrò. Ibi tí firmware ti ń bẹ̀rẹ̀ ni TFTP yóò kọ ọ́ sí. Tí ẹ kò bá gé e, bootloader ni yóò jókòó sí àyè firmware, rúta kò sì ní dìde. Lórí Linux tàbí WSL (Linux inú Windows):

dd if=firmware.bin of=wr841nv9_tp_recovery.bin bs=512 skip=257

Báìtì 131584 lẹ ti gé yẹn. Ohun tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ 3932160 géérégé. Tí fáìlì yín bá ti jẹ́ 3932160 tẹ́lẹ̀, ẹ má gé nǹkan kan, ẹ kàn yí orúkọ rẹ̀ padà sí wr841nv9_tp_recovery.bin. Windows máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́, nítorí náà ẹ rí i dájú pé kò di ".bin.bin".

Ẹ pa Wi-Fi láptọ́ọ̀pù. Ẹ fún wáyà LAN ní 192.168.0.66, mask 255.255.255.0, kí ẹ fi gateway sílẹ̀ lófìfo. Ẹ ṣí Tftpd64 (ètò Windows tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ nípasẹ̀ TFTP), ẹ darí rẹ̀ sí fódà tí fáìlì wà, kí ẹ sì yan 192.168.0.66 níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ihò LAN ni kí wáyà wọ̀, kì í ṣe ihò WAN. Ẹ pa rúta, ẹ di WPS/RESET mú, ẹ tan án, ẹ má sì fi í sílẹ̀ títí iná tó ní àmì àgádágodo yóò fi tàn, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10. Tí fáìlì bá ti wọlé tán, ẹ fi rúta sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, orí inverter ni kí rúta wà lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá Nẹ́tíwọ̀kì
Òótọ́ ni Adé sọ. Mo fẹ́ fi ohun tó sábà ń dá ènìyàn dúró kún un. Tí rúta bá kú, Windows á gbà pé wáyà ti yọ. Kó tó padà gba àdírẹ́sì rẹ̀, bootloader lè ti béèrè fáìlì, kó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ fi switch kékeré kan (àpótí tó ń so wáyà LAN pọ̀) sáàárín rúta àti láptọ́ọ̀pù, ihò láptọ́ọ̀pù kò ní kú mọ́. Mo ka switch yìí sí pàtàkì ju ohunkóhun lọ, ènìyàn púpọ̀ ti ju rúta tó dára nù nítorí àìsí rẹ̀.

Ẹ tún ṣí Wireshark, ètò tó ń fi ohun tó ń gba orí wáyà kọjá hàn, sórí wáyà náà. Tí bootloader bá ti gbọ́ bọ́tìnì, ẹ óò rí 192.168.0.86, ìyẹn rúta, tó ń béèrè fáìlì, orúkọ tó ń fẹ́ á sì wà níbẹ̀ lẹ́tà dé lẹ́tà.

Ọmọ Mókọ́lá
Ẹ ṣé gan-an ni. 192.168.0.86 ń béèrè wr841nv9_tp_recovery.bin ní Wireshark, fáìlì náà wà nínú fódà, 3932160 ni. Ṣùgbọ́n Tftpd64 kò dáhùn rárá.

Ìyá Nẹ́tíwọ̀kì
Firewall ni, ẹ̀ṣọ́ Windows tó ń dí ohun tó ń wọlé láti orí nẹ́tíwọ̀kì. Nẹ́tíwọ̀kì tí kò ní gateway, Public ni Windows máa ń kà á sí. Tó bá jẹ́ Private nìkan lẹ fún Tftpd64 láyè, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fún un láyè ní Public, UDP 69, tàbí kí ẹ pa Firewall fún ìwọ̀nba àkókò iṣẹ́ yìí. Wi-Fi yín ti wà ní pípa, kò séwu.

Adé Wáyà
Fún ẹni tí tirẹ̀ kò béèrè nǹkan kan rárá ní Wireshark: ẹ ó ṣí rúta, ẹ ó sì lo USB-TTL (ohun tó ń so USB láptọ́ọ̀pù mọ́ ojú ìsopọ̀ inú rúta kí ẹ lè bá bootloader sọ̀rọ̀) ti 3.3 V. Ti 5 V lè ba chip jẹ́. GND, TX àti RX nìkan ni kí ẹ so, ẹ má so VCC. Ẹ ṣètò ìsopọ̀ náà sí 115200, 8N1 lórí láptọ́ọ̀pù. Tí "Autobooting in 1 seconds" bá jáde, ẹ yára tẹ tpl. Lẹ́yìn náà:

setenv ipaddr 192.168.0.86
setenv serverip 192.168.0.66
tftpboot 0x80000000 wr841nv9_tp_recovery.bin

Ẹ dúró níbẹ̀ títí ẹ ó fi rí "Bytes transferred = 3932160". Tí iye náà bá yàtọ̀, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Tó bá pé:

erase 0x9f020000 +0x3c0000
cp.b 0x80000000 0x9f020000 0x3c0000
reset

Ẹ ka àwọn nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter. Bootloader ló wà ṣáájú 0x9f020000. Ní 0x9f3f0000, ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún rédíò Wi-Fi rúta yẹn gan-an ní ilé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, kò sì sí nínú fáìlì kankan tí ẹ lè wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì.