Kúlà kọ̀ǹpútà olówó gọbọi, ìwọ̀n ooru kan péré ló fi dára ju ti àtijọ́ lọ. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?

Ohùn Lafẹ́nwá:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpolówó ọjà ni mò ń gbohùn sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà nínú yàrá mi ní Lafẹ́nwá. Processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600 ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi, fáànù kékeré tó bá a wá sì ń hu wọnú máìkì. Ìpolówó aládìrẹ kan ní Ìtòkú, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un kà. Tí mo bá ti mí díẹ̀ láàárín gbólóhùn méjì, hùùù ni.

Mo wá ra kúlà gíga, ọ̀pá bàbà mẹ́fà, fáànù 120 mm méjì. Mo fi Cinebench, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán processor wò, sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ti àtijọ́ ṣe 76°C láàárọ̀ ọyẹ́ nínú oṣù Kejìlá. Tuntun ṣe 75°C lọ́sàn-án àná. Ó dùn mí gan-an.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Òkè-Ìléwó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Báwo ni yàrá ṣe gbóná sí lọ́jọ́ méjèèjì? Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni kúlà fi ń ṣiṣẹ́, kò lè mú processor tutù ju afẹ́fẹ́ yẹn lọ.

Ohùn Lafẹ́nwá:
Aago ara ògiri mi ń fi ooru hàn. 24 láàárọ̀ ọyẹ́ yẹn, 35 lánàá.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Òkè-Ìléwó:
Ẹ yọ ooru yàrá kúrò. 76 dín 24 jẹ́ 52. 75 dín 35 jẹ́ 40. Ìwọ̀n 12 ni tuntun fi dára jù, owó yín ò ṣòfò.

Ọmọ Ìdí-Àbà:
Ariwo lẹ torí ẹ̀ náwó, ẹ̀gbọ́n, òun ni kí ẹ wọ̀n. Tí fáànù bá ń sá eré àsápajúdé, kúlà wo ni kò ní tutù? Ẹ wọ BIOS, ibi ìṣètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ dín eré fáànù kúlà àtijọ́ àti ti tuntun kù títí ariwo wọn á fi dọ́gba, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ èyí tó dára. Ẹ má sì fojú kéré dB, ìwọ̀n ariwo: tó bá fi 10 lé sí i, bí ìlọ́po méjì ló ṣe ń dún létí èèyàn. Òru ni kí ẹ ṣe é, lórí inverter, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti kú. Ẹ gbé fóònù tí ẹ fi ń wọn ariwo sórí ìrọ̀rí, ibì kan náà ní gbogbo ìgbà, kí ẹ kọ́kọ́ wọn ariwo yàrá lófìfo, kí kọ̀ǹpútà tó tàn. Ohun tó bá rẹlẹ̀ ju ariwo yàrá lọ, fóònù ò lè kà á.

Ohùn Lafẹ́nwá:
Mo ṣe é ní aago méjì òru àná. Yàrá lófìfo, 33 dB. Kúlà tuntun lórí eré 800 (iye ìgbà tí fáànù ń yí ní ìṣẹ́jú kan), 33 náà ni, fóònù ò mira. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sún etí mọ́ ọn, mo gbọ́ tì-tì-tì kan. Mo tan iná fóònù wò ó: wáyà fáànù iwájú ló ń kan abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó ti ń bó lára. Mo fi okùn ike so ó sẹ́yìn.

Mo wá tan máìkì, mo jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, mo sì gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀. Aago ara ògiri nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àbúrò mi, ire á kàn yín. Mo ti yọ bátìrì aago náà.