Ta ló ni ọ̀nà ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ẹ kú ilé o. Ọdún 17 ni mo fi wakọ̀ n'Íbàdàn kí n tó dé bí. Lánàá ní Peckham, bí mo ṣe fẹ́ yà, màmá kan tó gbé báàgì ọjà dúró létí títì. Mo kọjá, wọ́n na ọ̀pá wọn sí mi. Ṣé mo jẹ̀bi? Bí mo bá mu bíà kan ṣoṣo kí n tó wakọ̀ ńkọ́?

— Ẹ jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n. Láti oṣù kìíní 2022, ẹni tó bá fẹ́ sọdá ní oríta tí ẹ fẹ́ yà sí ló ni ọ̀nà. Ní ráńdábaòtù, ọwọ́ ọ̀tún lẹ ó máa wò, kì í ṣe òsì bíi tilé.

— Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu kan bíà yẹn rárá! Bí ọtí inú èémí yín bá kọjá òdiwọ̀n, ó kéré tán, ẹ ò ní wakọ̀ fún oṣù 12. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tún lè tẹ̀ lé e.

— Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀pá màmá yẹn ò tíì kúrò lójú mi.