Níbo ni mo ti lè rí àwòrán ara ògiri ní Rẹ́mọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣágámù ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ máa lọ ya fọ́tò àwọn àwòrán tí wọ́n kùn sára ògiri. Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà ní 2025, ṣùgbọ́n Arsenal àti Chelsea ni mo ń rí ṣáá lẹ́nu ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. (Arsenal lèmi náà, ẹ má bú mi.) Ní Ìkẹ́nnẹ́ ńkọ́, ìlú Awólọ́wọ̀? Ṣé ẹnì kan ti rí fìlà àti awò ojú Bàbá lára ògiri níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó yẹ kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé? Bàbá kan lé mi dànù lọ́jọ́sí, wọ́n ní olóṣèlú ló rán mi.