Irúgbìn «plantain» tí àbúrò mi fi ránṣẹ́, ṣé kí n gbìn ín?

Ẹ kú ilé o. Ọ̀bántókò l'Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Àbúrò mi tó wà nílùú Òyìnbó fi irúgbìn kan ránṣẹ́, ó kọ «plantain» sára rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí: ta ní ń fi irúgbìn gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà? Ọmọ ìdí rẹ̀ la máa ń hú gbìn! Àṣé Plantago ni, koríko tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ ra ibi tí kòkòrò bá ta. Kò bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tan rárá, orúkọ lásán ló pa wọ́n pọ̀.

Irúgbìn rẹ̀ a máa pọ̀ gan-an, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má gba ẹ̀yìnkùlé mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin tí mo fi ń dín dòdò fọ́mọ lọ́wọ́. Ṣé inú ìkòkò ni kí n gbìn ín sí, àbí kí n kúkú sun ún?