Rome, Assisi àti Lourdes: físà ibo la máa gbà?

Ará Ìbarà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọmọ ìjọ Kátólíìkì láti Abẹ́òkúta fẹ́ lo ọjọ́ 4 ní Rome, 2 ní Assisi, 3 ní Lourdes. Físà ibo la máa gbà? Àwọn ìyá àgbà wà láàárín wa.

Ọmọ Lísàbí: Ti Ítálì ni, torí ibẹ̀ ni Rome àti Assisi wà, ibẹ̀ lẹ sì ti máa pẹ́ jù. Físà Schengen ni, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù; òun kan náà lẹ máa fi wọ Faransé, níbi tí Lourdes wà. Ìnṣọ́ránsì ìlera ò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò. Bó bá ti ku oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ rìnrìn àjò ni wọ́n ti ń gbàwé físà. Ẹ tètè lọ. Ìwé báńkì oníkálukú ni wọ́n ń wò, lẹ́tà Fáadà ò lè dípò rẹ̀. Owó gọbọi tó já wọ àkáǹtì lójijì sì máa ń fa ìfura.

Ìyá Ìtòkú: Orí òkè ni Assisi wà o! Bọ́ọ̀sì ńlá kì í wọ àárín ìlú, ìsàlẹ̀ ló ń já èrò sí. Títì olókùúta ni, ó dagun, ó sì ń ba ẹsẹ̀ àpótí onítáyà jẹ́. Báàgì àgbékọ́ ló dáa, pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ tí kì í yọ̀. Ní St Peter's, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Póòpù ní Vatican, ẹ bo èjìká àti orúnkún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé.

Ọmọ Lísàbí: Omi ìsun Lourdes, tí àwọn Kátólíìkì máa ń bù lọ sílé ńkọ́? Inú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni kẹ́ ẹ kó o sí. Ike tó bá ju 100ml lọ, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín níbi àyẹ̀wò.