Ìyá ọmọ tó ń lo tramadol ní kí n sọ gbogbo ohun tí ọmọ òun bá mi sọ fún òun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Alárè Òde:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí torí ó gùn díẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, guidance and counselling ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, àmọ́ ó ti tó ọdún kan báyìí tí èmi àtàwọn mélòó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tí igbó, kolorádò àti tramadol ti di bárakú fún. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa níṣẹ́ yìí o, àánú ló ṣe wá, torí àwọn ọmọ tá a jọ dàgbà ni.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 22, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti bá mi jókòó. Ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, ó sọ iye tó ń lò lójúmọ́, ó sọ ibi tó ti ń rówó ẹ̀ (kì í ṣe ibi tó dáa), ó ní òun ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí láyé òun. Ọjọ́ kẹta ẹ̀ ni ìyá ẹ̀ dé ilé wa. Màmá yìí àti màmá mi jọ wà nínú régbérégbé kan náà, aṣọ kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀ lọ Ojúde Ọba, ó tiẹ̀ ti pọ̀n mí sẹ́yìn rí nígbà tí màmá mi bá lọ rajà l'Ékòó. Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ẹni tó tó bí mi kúnlẹ̀ fún mi! Ó ní kí n dákun kí n sọ gbogbo ohun tí ọmọ òun sọ, ó ní òun ò sùn mọ́.

Mi ò mọ èyí tí mo máa ṣe, mo kàn fà wọ́n dìde ni mo ní "Ẹ jẹ́ kí n rò ó, mà". Màmá mi wá ń bínú sí mi báyìí pé ìwé tí mo kà ti sọ mí di onígbéraga. Ṣé kí n sọ fún wọn ni àbí kí n má sọ? Ibo làwọn èèyàn tiẹ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí gan-an, ká má lọ fi àánú ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́?

Ìyá Àdùkẹ́, Ìkẹ́nnẹ́:
Ọmọ mi, sọ fún un. Ilẹ̀ Yorùbá la wà, ọmọ kì í ní àṣírí lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Tí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn lọ́la, tí ìyá ẹ̀ bá wá gbọ́ pé o mọ̀ tẹ́lẹ̀ o ò sọ, ojú wo lo máa fi wò ó? Abiyamọ ni mí, mo mọ ohun tí ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá Àdùkẹ́, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín mà, ọ̀rọ̀ yín yé mi, àmọ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ mo ti rí ohun tó máa ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, ọmọ yẹn á sá lọ ni, kò sì ní sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan dókítà. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, òun ló ni ọ̀rọ̀ ìlera ẹ̀. National Health Act ti 2014, ìyẹn òfin ìlera Nàìjíríà, sọ ọ́ kedere pé ọ̀rọ̀ aláìsàn ò gbọdọ̀ jáde nílé ìwòsàn àfi tí òun fúnra ẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé, tàbí tí òfin tàbí ilé ẹjọ́ bá ní kí wọ́n sọ ọ́, tàbí tí pípa á mọ́ bá máa kó ewu ńlá bá ìlera aráàlú. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀yin wà kì í ṣe ọsibítù, àmọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn náà ò gba ohun tó yàtọ̀ síyẹn.

Ibi tí àṣírí dópin sí náà wà o. Tó bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, tàbí òun fẹ́ ṣe ẹnì kan léṣe, tàbí o gbọ́ pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, o ò lè pa á mọ́ra. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an lo ti gbọ́dọ̀ sọ eléyìí fún un kó tó la ẹnu rárá, kó mọ ibi tí àṣírí dópin sí. Ṣé o sọ ọ́ fún un? Tó ò bá sọ ọ́, ọjọ́ tó bá tún wá ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan tún ń kó mi lọ́kàn sókè nínú ohun tó o kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é láìní nọ́ọ̀sì tàbí dókítà láàárín yín, ẹ ṣọ́ra fún "jáwọ́ lónìí lónìí". Ẹni tó ń mu ọ̀gógóró tàbí páràgà látàárọ̀ dalẹ́, tàbí tó ń gbé oògùn oorun bíi diazepam mì lójoojúmọ́, tó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà ara ẹ̀ lè máa gbọ̀n, kó máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí, kí gìrì gbé e ṣánlẹ̀ bí oníwárápá, ó sì ń pààyàn. Ọsibítù ni wọ́n ti ń já irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti tramadol, tó bá pọ̀ jù lára òun náà máa ń fa gìrì. Èyí tó sì ń pa wọ́n jù lójú tèmi ni kéèyàn ti jáwọ́ fún bí oṣù méjì, kí ọwọ́ wá yọ lọ́jọ́ kan, kó lọ gbé iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mì, ara ò mọ̀ ọ́n mọ́, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó lọ, ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ ẹ̀ ń ti wọ́n síbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Igbó:
Èmi ò kàwé púpọ̀ àmọ́ mo ti wà nínú nǹkan yìí. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Kódín la bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, nígbà tí ìjọba wá fòfin dè é ní 2018 ẹ̀yin rò pé a jáwọ́ ni? Tramadol la bọ́ sí. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo finú hàn, èèyàn dáadáa ni, kò níkà nínú, ó kàn sọ fún pásítọ̀ kí wọ́n lè bá mi gbàdúrà ni. Lálẹ́ ọjọ́ ìṣọ́ òru pásítọ̀ pe orúkọ mi síta níwájú gbogbo ìjọ pé kí wọ́n nawọ́ sí mi. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi wà níbẹ̀. Mo jáde kúrò níbẹ̀ lóru yẹn, ọdún méjì gbáko ni mi ò tún bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ mọ́, inú ọdún méjì yẹn ni mo ta ọ̀kadà mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé mi lọ ilé kan tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí mọ́ òpó, tí wọ́n ń nà mí láràárọ̀ pé ẹ̀mí burúkú ni. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Àpá ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ mi.

Ẹni tó wá gbà mí sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi ni pé "ohun tó o bá sọ níbí, abẹ́ igi yìí ló máa wà". Mo fi oṣù kan dán an wò. Mo parọ́ kékeré kan fún un, mo wá ń dẹtí sílẹ̀ bóyá màá gbọ́ ọ nígboro. Mi ò gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ òótọ́. Ọmọ Alárè, ọmọkùnrin yẹn lè máa dán ìwọ náà wò báyìí o.

Tíṣà Ìwòyè:
Bọ̀ọ̀dá Igbó, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́, Ọlọ́run á máa gbé yín ró.

Àǹtí, má dá ìyá yẹn padà lọ́wọ́ òfo. Lọ bá ọmọ yẹn kọ́kọ́, sọ fún un láìfi dùn ún pé "màmá ẹ wá bá mi, mi ò sọ nǹkan kan, kí lo fẹ́ kí wọ́n mọ̀?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ní ká sọ apá kan. Kó fọwọ́ sí bébà kékeré kan lórí ìyẹn, kẹ́ ẹ wá jọ jókòó ẹ̀yin mẹ́ta, kí ọmọ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ìyá náà nílò ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ kó má jẹ́ ìwọ, torí màmá rẹ àti òun sún mọ́ra jù. Wá ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ yín fún un. Ní ìlú wa níbí tí gbogbo wa jẹ́ ẹbí ara wa, ibi tó máa ń bà jẹ́ sí nìyẹn, o ò ní mọ ìgbà tó o kúrò ní agbaninímọ̀ràn tó o di ọmọ ẹgbẹ́ màmá.

Ti iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, tó ń jẹ́ Universal Treatment Curriculum, ni kẹ́ ẹ wá, àwọn Colombo Plan, àjọ tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ dá sílẹ̀, ló gbé e kalẹ̀, ISSUP, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ìdánwò ICAP sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí. Aró l'Abẹ́òkúta, ọsibítù àrùn ọpọlọ yẹn, náà kò jìnnà sí wa, láti 1954 ló ti wà, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí oògùn olóró, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa darí àwọn tí tiwọn bá ti wọra sí. Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ti wọra fún, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ASSIST ti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ìbéèrè 8 péré ni tí wọ́n fi ń mọ bí oògùn ṣe wọ èèyàn lára tó, tí máàkì ẹ̀ bá ti tó 27 lórí oògùn kan, ọwọ́ yín nìkan ò ká a mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí mo kọ́ ni motivational interviewing, ìyẹn bíbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn títí òun fúnra ẹ̀ á fi sọ ìdí tó fi fẹ́ yí padà. William Miller ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa ẹ̀ ní 1983, òun àti Stephen Rollnick ló wá jọ tún un ṣe. Àwa Yorùbá, a ti mọ ìwàásù jù, ọmọ ò tíì jókòó tán a ti ní "ṣé o ò rí i pé ò ń ba ayé ara ẹ jẹ́ ni?" Ó mọ̀! Ó ti sọ ọ́ fún ara ẹ̀ lóru àná. Béèrè pé "kí ni kiní yìí ń bá ẹ ṣe?" kó o sì dákẹ́, kó o dákẹ́ dáadáa, títí á fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà béèrè pé láti 0 dé 10, báwo ló ṣe wù ẹ́ tó láti jáwọ́? Tó bá ní 4, má sọ pé "4 péré?" Bi í pé "kí ló dé tí kì í ṣe 1?" Ohun tó máa fi dá ẹ lóhùn, ìdí tó fi fẹ́ jáwọ́ ni, ẹnu ara ẹ̀ ló sì ti jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò ọmọ yẹn bú sẹ́kún, ó ní torí àbúrò òun obìnrin tó ń wo òun ni.

Ìyá Àdùkẹ́ mà, ìwádìí ti 2018 tí UNODC, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe sọ pé nínú 100 èèyàn láti ọmọ ọdún 15 sí 64 ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù wa yìí, ó lé ní 22 tó lo oògùn olóró lọ́dún kan, wọn ò tiẹ̀ tíì ka ọtí mọ́ ọn. Kò sí agboolé tí ò kàn mà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí nílò ibì kan tí wọ́n ti lè sọ ọ́.

Ìyá Àdùkẹ́, Ìkẹ́nnẹ́:
Mo ti ka ti Bọ̀ọ̀dá Igbó. Mo padà kà á lẹ́ẹ̀kejì. Má sọ ọ́, ọmọ mi. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé ìyá yẹn, kí ẹnì kan lọ jókòó tì í.

Ọmọ Alárè Òde:
Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. Mo bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ lánàá. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní kí n sọ fún màmá òun pé òun ń wá, pé òun ò tíì pa ọjọ́ kan jẹ, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó yẹn òun fúnra òun ló máa sọ ọ́ tó bá yá. Sátidé a máa jókòó àwa mẹ́ta. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ti sin àbúrò ẹ̀ tó ń lo oògùn ti lọ bá màmá náà, wọ́n jọ wà níbẹ̀ dalẹ́. Mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ tramadol tí Nọ́ọ̀sì sọ fún gbogbo wa, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wa.

Ó ku ìbéèrè kan. Màmá náà fi gàrí Ìjẹ̀bú ọ̀rá ńlá kan ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí, owó wà nínú ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Tíṣà Ìwòyè:
Dá owó padà lónìí, kó o fọwọ́ méjèèjì dá a padà. Gba gàrí, tó o bá kọ̀ ọ́ ó máa dùn wọ́n, àmọ́ gbé e lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń jókòó, kí gbogbo àwọn ọmọ yẹn jọ mu ún.