Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: lẹ́yìn Bai Qian, ìwé ìfẹ́ àwọn ẹni àìkú ilẹ̀ Ṣáínà wo ló kàn?

Àdùkẹ́_Òǹkàwé: Ẹ kú ilé o. Mo ti wo Eternal Love tán, fíìmù Ṣáínà ti ọdún 2017 tó sọ ìtàn Bai Qian, obìnrin ẹni àìkú, gbogbo apá 58. Ìwé ló wá wù mí kà báyìí. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Obìnrin wo ló jọ Bai Qian? Mi ò gbọ́ èdè Ṣáínà o, Gẹ̀ẹ́sì ni mo lè kà.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀_Onírù9: Ìwé tí wọ́n ti yọ fíìmù yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Tang Qi ló kọ ọ́. Àkọlé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni To the Sky Kingdom, ọdún 2016 ló jáde. Àmọ́ ẹ má retí pé ìtàn náà á tò bíi ti fíìmù. Orí òkè Kunlun ni fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Bai Qian múra bí ọkùnrin, tó ń jẹ́ Si Yin lọ́dọ̀ Mo Yuan ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Su Su (orúkọ tí Bai Qian jẹ́ nígbà tó ń gbé ayé bí ènìyàn lásán) ni ìwé fi ṣíde: ojú tí wọ́n yọ, bó ṣe bẹ́ sílẹ̀ láti orí pèpéle, kò sí èyí tí wọn ò sọ tán kí Bai Qian tó gbẹ́nu lé ìtàn fúnra rẹ̀, tó ń sọ pé "èmi". Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Ẹni tó ń sọ̀tàn ti gbàgbé, àwa tá à ń kà á la rántí. Nígbà tí Ye Hua, ọkọ Su Su, bá pàdé rẹ̀ ní Òkun Ìlà-Oòrùn lẹ́yìn 300 ọdún, Bai Qian ò mọ̀ ọ́n rárá, àyà tiwa ló ń já.

Ìyá_Èso_Àjàrà: Lórí obìnrin tó jọ ọ́, ẹ gbé Jin Mi yẹ̀ wò, nínú ìwé Dian Xian tí wọ́n fi ṣe Ashes of Love (2018, apá 63). Òun náà ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sé ọkàn àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra. Bai Qian ti fẹ́ràn rí, ó dùn ún wọra, òun fúnra rẹ̀ ló lọ tọrọ oògùn ìgbàgbé lọ́wọ́ Zhe Yan, ẹni àìkú tó mọ oògùn. Jin Mi ò yan nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní hóró oògùn kan nígbà tó bí i, kó má baà mọ ìfẹ́ láéláé. Torí náà, àwọn tó ń pè é ní ọ̀dájú ò wo hóró yẹn mọ́ ọn lára. Ẹ wo bó ṣe ń dúnàádúrà agbára lọ́wọ́ Xu Feng, ọmọ Olú-Ọ̀run tó fẹ́ràn rẹ̀, bí ẹni tó ń ná ata lọ́jà! Ìgbà tó gún Xu Feng pa, tó gbà pé Xu Feng ló pa bàbá òun, ni hóró náà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìfẹ́ dé, ẹni tó yẹ kó gbà á ti kú.

Aláròyé_Run_Yu: Òótọ́ lẹ sọ nípa Jin Mi, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ ò mẹ́nu ba Run Yu, ẹ̀gbọ́n Xu Feng, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ni wọ́n kọ dáa jù níbẹ̀. Wọ́n máa ń ní ó fẹ́ gba ìyàwó àbúrò rẹ̀. Èwo ni ìyàwó àbúrò? Àwọn bàbá méjèèjì ti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin náà pé àkọ́bí Olú-Ọ̀run ni yóò fẹ́ ẹ, Run Yu sì ni àkọ́bí. Ìwà tó hù lẹ́yìn náà ni mi ò lè gbèjà.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀_Onírù9: Ye Hua ńkọ́? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yọ ojú Su Su. Mi ò tíì dárí jì í.

Atúmọ̀_Òru: Àdùkẹ́, ohun tó máa dà yín láàmú ni ìtumọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ a máa túmọ̀ orúkọ: Bai ni funfun, Qian ni ohun tí kò jìn, ẹ ó kàn rí "White Shallow" tó ń rìn kiri. Òǹkọ̀wé Ṣáínà tún máa ń fo olùwà gbólóhùn, ẹ̀rọ á wá sọ Bai Qian di ọkùnrin, pàápàá níbi tó ti ń jẹ́ Si Yin. (Lẹ́nu, "tā" kan náà ni wọ́n ń pe ọkùnrin àti obìnrin, bíi "ó" tiwa.) Kẹ́ ẹ tó ka ìtumọ̀ kankan, ẹ kọ orúkọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ sínú ìwé pélébé, pẹ̀lú oyè àti ẹbí wọn.

Ẹ tún mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí. Shifu ni ọ̀gá tó ń kọ́ni níṣẹ́. Shixiong ni ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀gá, kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò, ọjọ́ tó wọlé ni, bíi ti àwọn ìyàwó ilé wa. Gugu ni àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni lóbìnrin, ohun tí Fengjiu, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bai Qian, ń pè é nìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé pé ọjọ́ kan lọ́run, ọdún kan ni láyé. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn á máa bínú sí Ye Hua pé ó pẹ́ kó tó padà wá bá Su Su.

Àdùkẹ́_Òǹkàwé: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n fo The Pillow Book ni?

Ìyá_Èso_Àjàrà: Rárá, ẹ kà á tẹ̀ lé ti Tang Qi àkọ́kọ́, Fengjiu àti Donghua ló ni ín. Ó falẹ̀ díẹ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Tí ojú bá wá ń ro yín torí ẹkún, ẹ sinmi lórí Love Between Fairy and Devil (2022, apá 36): èṣù ńlá tó jẹ́ pé bí nǹkan bá dun ọmọbìnrin kékeré kan, òun náà ló ń ké.